Báwo Ló Ṣe Yẹ Kí Okùn Le Tó?

Ọ̀rọ̀ okùn la fẹ́ sọ lónìí, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Ẹni tó bá ti di ẹrù rí, tó ti di irun rí, tó ti ran aṣọ rí, tàbí tó ti so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ rí, ó mọ̀ pé ìbéèrè méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ okùn. Èkíní ni pé, ṣé ká dì í àbí ká má dì í? Ìyẹn kì í pẹ́ yanjú. Èkejì ló máa ń fa àríyànjiyàn: báwo ló ṣe yẹ kó le tó? Onídìrí tó bá fa irun ọmọ jù, ọmọ náà kò ní rí oorun sùn, iwájú orí rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pá bí ọdún ti ń gorí ọdún. Èyí tí kò bá fà á rárá, kí ọ̀sẹ̀ tó parí, irun ti tú. Àwọn méjèèjì gbowó iṣẹ́, kò sì sí èyí tó ṣiṣẹ́ nínú wọn.

Àwọn baba wa mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Wọ́n ní ọsán já, ọrun dọ̀pá. Ọrun tí a fa ọsán rẹ̀ kọjá ààlà, igi lásán ni yóò kù lọ́wọ́ ọdẹ. Ẹ tún wo dùndún. Ọsán tí onílù ń fi apá fún mọ́ra, tó tún ń tú sílẹ̀, òun ni ìlù fi ń sọ̀rọ̀. Ìlù tí ọsán rẹ̀ bá le síbì kan náà láti àárọ̀ dalẹ́, ariwo nìkan ló lè pa.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe okùn nìkan là ń dì. Òbí di ọmọ mú. Ọ̀gá di ọmọṣẹ́ mú. Ìjọba di ará ìlú mú, ẹni tó yáni lówó sì di ajigbèsè mú. Bí a bá bi àgbà pé báwo ló ṣe yẹ kí irú ìdìmú bẹ́ẹ̀ le tó, ọ̀rọ̀ kan ló máa ń sọ: ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Òótọ́ ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò sọ ibi tí àárín wà fún wa. Ẹni tó ń na ọmọ rẹ̀ lójoojúmọ́ gbà pé ìwọ̀ntúnwọ̀nsì lòun ń ṣe, ẹni tí kì í bá tiẹ̀ wí náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ó yẹ ká bi àwọn tó ń fi okùn jẹun léèrè, pàápàá àwọn tó ń fi í pẹja, bóyá wọ́n ní òṣùwọ̀n tó ṣeé fọwọ́ kàn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí etí ọ̀sà. Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ jìnnà síra, ṣùgbọ́n omi so wọ́n pọ̀. Ìkòròdú wà ní apá àríwá ọ̀sà Èkó. Ẹ̀pẹ́ wà níwájú sí i lápá ìlà-oòrùn, lójú ọ̀nà tí omi gbà lọ pàdé ọ̀sà Lẹ́kì. Ìjẹ̀bú, Àwórì, Ìlàjẹ àti Ègùn ló ń jẹun lórí omi yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó bá dé Ẹ̀pẹ́ á rí ère ẹja ńlá méjì tí ìlú fi ń júwe ara rẹ̀. Tó bá dé ọjà Olúwo, á rí ẹja fúnra rẹ̀: ẹ̀pìyà, àrọ̀, ọ̀bọ̀kún àti edé, tútù àti gbígbẹ. Lápá Ìkòròdú, ní Báyékù àti Májídun, ẹ ó rí àwọ̀n tí wọ́n sá, ẹ ó sì rí àwọn tó jókòó tì í tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ àwọ̀n dí ojú tó ya.

Láyé àtijọ́, òwú ni wọ́n fi ń hun àwọ̀n. Òwú a máa rà nínú omi, torí náà bí wọ́n bá ti ti odò dé, dandan ni kí wọ́n sá àwọ̀n sóòrùn. Ní ọdún 1935 ni wọ́n ṣe náílọ́ọ̀nù jáde ní ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì parí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú iṣẹ́ ẹja káàkiri ayé. Lónìí, èyí tí ẹ̀rọ hun ni ọ̀pọ̀ apẹja ń rà lọ́jà, ní dìpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rà yẹn kò tíì lè pẹja. Aṣọ àwọ̀n lásán ni. Ó ṣì kù kí wọ́n so ó mọ́ okùn: okùn òkè tó ní ohun tó ń mú un léfòó, àti okùn ìsàlẹ̀ tó ní òjé. Ibi síso yìí ni ọgbọ́n iṣẹ́ wà, ẹ̀rọ kò sì gba ìyẹn ṣe fún wọn.

Ẹ wo bó ṣe rí. Ká ní a fa aṣọ àwọ̀n náà gbọọrọ, tó sì gùn ní mítà 100. Ẹni tí kò mọṣẹ́ á ní ká so ó mọ́ okùn mítà 100, kí owó tí a ná má baà ṣòfò. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo ojú àwọ̀n á pa dé. Á fà tan-tan bí ìlà, ẹja kò sì ní rí ibi ki orí bọ̀. Ohun tí àwọn tó mọṣẹ́ sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n á so mítà 100 yẹn mọ́ okùn tó tó bíi mítà 50. Ìdajì péré. Ojú àwọ̀n tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10 nígbà tí a fà á pa, á wá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5, á sì ga ní nǹkan bíi 8.7. Ó ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ, gẹ́gẹ́ bí ara ẹ̀pìyà ṣe ga ju bó ṣe nípọn lọ. Ẹja á ki orí bọ̀ ọ́, ibi tí ara rẹ̀ ti fẹ̀ kò ní lè kọjá, bó bá sì ní kóun padà sẹ́yìn, òwú á ti há a lọ́rùn.

Bí a bá wá dẹ̀ ẹ́ jù ńkọ́? Ká ní a so mítà 100 mọ́ okùn mítà 20. Àwọ̀n á ṣùjọ. Á lọ́ mọ́ gbogbo ohun tó bá kàn án: ẹja, igi, ewéko orí omi, ọ̀rá ìdọ̀tí tí àwa ará ìlú dà sí gọ́tà, àti ọmọ ẹja tí kò tíì tó jẹ. Títú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jáde á wá di iṣẹ́ odindi ọjọ́, àwọ̀n á sì máa ya.

Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí a kò gbọ́dọ̀ fojú fò. Ìdajì àwọ̀n tó dà bíi pé ó ṣòfò yẹn, òun gan-an ló ń pẹja. Bí a bá fi ìwọra fa gbogbo rẹ̀ tán, a ti sọ ọ́ di ògiri, ẹja á kàn án, á sì yà lọ. Àyè tí àwọ̀n gbà ẹja díẹ̀ ló fi ń mú un.

Iṣẹ́ okùn mìíràn wà nínú ìpẹja tí kò wọ́pọ̀ létí ọ̀sà tiwa, ṣùgbọ́n tó tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí ju àwọ̀n lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó dàgbà létí omi ló ti fi ọparun tẹ́ẹ́rẹ́, okùn àti ìwọ̀ pẹja rí. Ní Amẹ́ríkà, ní Bírítéènì àti ní ibòmíràn, àwọn kan wà tí wọ́n sọ irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ di iṣẹ́ ọnà. Wọn kì í ra ọ̀pá tó ti parí. Ọ̀pá lásán ni wọ́n ń rà, ti fáíbà tàbí ti carbon, tó ní ihò nínú, tí ara rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Wọ́n á wá to òrùka kéékèèké sí i lára láti ìdí títí dé ṣóńṣó, nítorí inú àwọn òrùka yẹn ni okùn ìpẹja máa gbà. Òrùka kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ. Òwú tín-ín-rín ni wọ́n fi ń wé ẹsẹ̀ náà mọ́ ara ọ̀pá, ní ìwé tó tò tẹ̀ léra láìsí àlàfo, bí ìgbà tí a ń fi òwú dúdú di irun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi gọ́ọ̀mù epoxy pa á lára, èyí tí à ń po omi rẹ̀ méjì pọ̀, tó ń gan bíi dígí.

Bí wọ́n ṣe ń fa òwú náà le wù wá púpọ̀. Àwọn kan máa ń gbé ìdì òwú sínú ife, wọ́n á fa ẹnu rẹ̀ gba àárín ojú ìwé ńlá kan tí wọ́n pa dé, wọ́n á wá máa fọwọ́ yí ọ̀pá. Bí wọ́n bá fẹ́ kó le sí i, wọ́n á gbé ìwé mìíràn lé e. Àwọn mìíràn ń lo abọ́ irin kékeré méjì tí sípíríǹgì ń tẹ̀ mọ́ra, irú èyí tí àwọn télọ̀ wa mọ̀ lára ẹ̀rọ ìránṣọ, tí wọ́n ń pè ní téńṣàn. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ oníná dé. Ẹ̀rọ á di ìdí ọ̀pá mú, ẹni tó ń wé òwú á fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà, ọ̀pá á sì máa yí fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń gba wákàtí, ìṣẹ́jú ló kù tó ń gbà.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá di ti ìwà. Nígbà tí ọwọ́ bá ń fa òwú, ìka a máa sọ fún ni. Bó bá le jù, òwú á ge ìka. Ara ẹni ló kọ́kọ́ ń jẹ ìyà ìdìmú tó pọ̀ jù. Ẹ̀rọ kò ní ìka. Bí a bá yí téńṣàn le, á wé ìwé kìíní, á wé ogún, á wé ọgọ́rùn-ún, bákan náà ni gbogbo rẹ̀ máa rí. Ó sì wá kù síbì kan: líle ìwé kan ṣoṣo kì í tó nǹkan. Ẹ lè fi ìka kan tú u. Ṣùgbọ́n bí ọgbọ̀n ìwé bá kóra jọ sórí ẹsẹ̀ òrùka kan, agbára wọn á para pọ̀, etí irin á sì máa jẹ ara ọ̀pá tó fẹ́lẹ́ yẹn. Náílọ́ọ̀nù a máa fà, ohun tó bá sì fà ń fẹ́ padà síbi tó wà, torí náà kò ní yé tẹ̀ ẹ́. A kò ní rí àpá kankan. Gọ́ọ̀mù á ti bò ó, á máa dán. Ọjọ́ tí ẹja ńlá bá fà á, tí ọ̀pá bá tẹ̀, ibẹ̀ ló máa ti kán, gbogbo èèyàn á sì ní ẹja ló ṣẹ́ ẹ.

Ṣé ká wá dẹ̀ ẹ́ ni? Rárá o. Bí òwú bá dẹ̀, àlàfo á wà láàárín ìwé, òrùka á máa rìn, okùn ìpẹja á sì máa ha ibi tí kò yẹ. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ní òṣùwọ̀n kan tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi yà wá lẹ́nu. Bí wọ́n bá wé òwú tán, kí wọ́n tó fi gọ́ọ̀mù sí i, wọ́n á gbé ọ̀pá sókè, wọ́n á di ojú kan, wọ́n á wo bóyá gbogbo òrùka tò gbọọrọ. Èyí tó bá yà díẹ̀, wọ́n á fi àtàǹpàkò tì í. Bí òwú bá le bó ṣe yẹ, òrùka náà á gbà, á sún díẹ̀ bọ́ sójú ìlà, á sì dúró síbẹ̀. Bó bá ń rìn láìjẹ́ pé a tì í, ó ti dẹ̀ jù. Bí a bá tì í, tì í, tí kò mira, ó ti le jù. Wọn kì í dúró bẹ àwíjàre kankan mọ́, ṣe ni wọ́n á tú u, kí wọ́n tún un wé.

Ìdáhùn tí à ń wá nìyí. Ìwọ̀n tó yẹ kì í ṣe ìdajì láàárín líle àti dídẹ̀. Ìdìmú tó tọ́ ni èyí tó mú ohun kan dúró, síbẹ̀ tí a ṣì lè tún ohun náà ṣe bí a bá rí i pé ó yà. Bí a bá di ohun kan le tó bẹ́ẹ̀ tí àṣìṣe tó wà nínú rẹ̀ kò ní lè yí padà mọ́, a ti ba ohun náà jẹ́, ì báà dán bíi wúrà.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí wo ọ̀gá àti ọmọṣẹ́. Bẹ̀rẹ̀ láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, bí ẹ bá gba ojú títì lọ, ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ti mẹkáníìkì, ti onídìrí, ti kápẹ́ńtà àti ti awẹ́dà lẹ ó máa rí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tí kò ní ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Ọmọ náà á fi ọdún méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́, títí di ọjọ́ tí wọ́n á dá a sílẹ̀, tí yóò kúnlẹ̀ gba àdúrà, tí wọ́n á fún un níwèé ẹ̀rí. Ọ̀gá tó bá ní kí ọmọ máa bọ̀ nígbà tó bá wù ú, tí kò bi í léèrè iṣẹ́ tó bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò kọ́ ọ níṣẹ́. Àmọ́ irú ọ̀gá kejì wà, àwọn èèyàn sì máa ń yìn ín pé ó mọ ọmọ kọ́. Ọmọ yẹn kò lè béèrè ìdí tí wọ́n fi ń ṣe nǹkan báyìí. Bí ọ̀gá bá gé aṣọ oníbàárà ní àgéṣì, ọmọ rí i, ṣùgbọ́n kò jẹ́ lanu. Ó kàn ń ran án lọ bẹ́ẹ̀. Ó ti di òrùka tí kò lè sún mọ́.

Ẹ wò ó, ta ló pàdánù níbẹ̀? Oníbàárà pàdánù aṣọ. Ọ̀gá pàdánù ẹni tí ì bá kìlọ̀ fún un. Ọmọ náà ló wá pàdánù jù, torí lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá a sílẹ̀, tí okùn ọ̀gá sì tú lára rẹ̀, ibi tó yà sí ló máa gan sí. Irú ìwà tí wọ́n hù sí i lòun náà á hù sí ọmọṣẹ́ tirẹ̀, á sì máa ní, “Ṣebí bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn.”

A mọ̀ pé àwọn kan á ta kò wá. Wọ́n á ní ayé ti le, Èkó kò gba gbẹ̀rẹ́, bí a kò bá di ọmọ mú dáadáa, ìgboro á gbà á lọ́wọ́ wa. Wọ́n á rán wa létí pé láti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. A gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pẹ̀ka ìrókò kò fún un lọ́rùn. Àwọn àgbà kan náà ló sọ pé bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ká fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ẹ tún lọ wo ahunṣọ tó ń hun aṣọ òkè. Ó ta òwú síwájú gbọọrọ, ó sì gbé òkúta tẹ ìpẹ̀kun rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí òwú lè le. Òkúta ọ̀hún wúwo, kò sí gbẹ̀rẹ́ níbẹ̀. Síbẹ̀, bí iṣẹ́ ti ń lọ síwájú, òkúta náà ń wọ́ tẹ̀ lé e bọ̀ níwọ̀nba níwọ̀nba. Ká ní òpó tí a rì mọ́lẹ̀ ló so ó mọ́, aṣọ kò ní kọjá ìgbọ̀nwọ́ kan kí ohun gbogbo tó dúró. Òkúta le, ó sì ń gbà. Àwọn méjèèjì kò bára wọn jà.

Ohun tí a sọ yìí náà ní ààlà tirẹ̀, ó sì yẹ ká sọ ọ́. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Ìpakòdò n'Íkòròdú, wọ́n á fún un ní ẹ̀wù ìdóòlà. Àwọn kan máa ń gbé e kọ́rùn lásán, wọn kì í di ìgbànú rẹ̀, wọ́n ní ooru ń mú àwọn. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, ẹ̀wù tí a kò dì á yọ gba orí lọ, ẹni tó wọ̀ ọ́ á sì rì. Níbi tí àṣìṣe kan ṣoṣo bá ti jẹ́ ikú, kò sí àyè àtúnṣe, torí náà ká dì í pinpin. Okùn ọkọ̀ tí a so mọ́ èbúté Ẹ̀pẹ́ nígbà ìjì náà ń kọ́? Ẹ má dẹ̀ ẹ́ ju bí omi ṣe ń ru lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé òṣùwọ̀n kan náà la ṣì ń lò. Níbi tí àtúnṣe bá ti ṣeé ṣe lẹ́yìn ọ̀la, ká fi àyè sílẹ̀ fún un. Níbi tí kò bá ti sí ẹ̀yìn ọ̀la, ká má fi àyè sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tí à ń ṣe fún àwọn ọmọ wa kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀wù ìdóòlà, àmọ́ bíi pé wọ́n ń rì la ṣe ń fún wọn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Púpọ̀ nínú ìdìmú tó wà láyé lónìí, ẹ̀rọ ló ń ṣe é. Ẹ wo ọ̀rọ̀ gbèsè. Alájọ tàbí ìyá ọjà tó yáni lówó létí ọ̀sà máa ń wá fúnra rẹ̀. Ó lè pariwo, ó lè jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Síbẹ̀ ojú rẹ̀ ń rí ọmọ tó ń ṣàìsàn nínú ilé, etí rẹ̀ ń gbọ́ pé àwọ̀n ya lánàá, òun náà sì mọ̀ pé bóun bá fún ẹni yìí jù, owó lè má jáde mọ́ láéláé. Á ní, “Ó dáa, ẹ mú ìdajì wá lọ́jọ́ ọjà.” Ìka rẹ̀ wà lára òwú. Ní ti owó tí a ń yá lórí fóònù, ẹni tó dẹ́ṣẹ̀ ọjọ́ kan, àtẹ̀jíṣẹ́ ìtìjú á ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá àna rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí nọ́ńbà wọn wà nínú fóònù rẹ̀. Ìwà yìí gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Nàìjíríà, fi gbé ìlànà jáde fún irú àwọn ayánilówó bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2022. Bí ẹ bá béèrè ẹni tó ṣe é, wọ́n á ní ẹ̀rọ ni.

Irọ́ ni. Ẹ̀rọ kì í yí téńṣàn ara rẹ̀. Ẹnì kan ló jókòó, tó yí i, tó sì dìde kúrò níbẹ̀. A kò kórìíra ẹ̀rọ. Ẹni tó fi ẹ̀rọ wé ọ̀pá lè ṣe iṣẹ́ tó dára ju tẹni tó fi ọwọ́ wé e lọ, torí ìfà ẹ̀rọ kì í yí padà, kì í sì í rẹ̀ ẹ́. Ohun tí ẹ̀rọ gbà lọ́wọ́ wa ni ìrora ìka, ìrora ìka yẹn sì ni olùkìlọ̀ wa tẹ́lẹ̀. Bí olùkìlọ̀ bá ti lọ, ó di dandan ká máa fúnra wa dá iṣẹ́ dúró, ká fi àtàǹpàkò tì í wò. Ẹni tó gba ìyára ẹ̀rọ, tó wá kọ iṣẹ́ àtàǹpàkò yìí sílẹ̀, òun ló jẹ̀bi ọ̀pá tó kán. Bákan náà ni fún ilé-ìwé tó ń fi kọ̀ǹpútà lé ọmọ jáde, fún ọ́fíìsì tó ń fi í yọ owó oṣù òṣìṣẹ́, àti fún ilé-ìfowópamọ́ tó ń fi í ti àkáǹtì pa. Ṣé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó lè gbọ́ ẹjọ́, tó sì lè sún òrùka padà sójú ìlà kí gọ́ọ̀mù tó gan? Bí kò bá sí, okùn yẹn ti le jù.

Nǹkan kan tún wà nípa gọ́ọ̀mù yẹn tó yẹ kó fún wa nísinmi. Ẹni tó ń fa òwú le jù máa ń rò pé òwú nìkan ló máa di òrùka mú títí ayé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ òwú ni pé kó mú un dúró síbi tó tọ́ títí gọ́ọ̀mù á fi gan, kí àwọn méjèèjì wá jọ gbé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni òbí àti ọ̀gá. Kì í ṣe agbára wa nìkan ló máa di ọmọ mú láyé. Ìwà tirẹ̀ ń gan bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, orí rẹ̀ náà kò sùn. Ìbẹ̀rù pé bí a bá dẹ ọwọ́ díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á tú, òun ló ń mú wa fún ọmọ ju bó ṣe yẹ lọ.

Àwọ̀n pàápàá, bí a bá wò ó dáadáa, ihò ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ojú àwọ̀n là ń pe ihò náà, bíi pé òun ni àwọ̀n fi ń ríran. Apẹja tó bá yan àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kéré jù, kí ohunkóhun má baà bọ́, ó máa kó ọmọ ẹja lónìí, á sì wá ẹja tì lọ́dún tó ń bọ̀. Èyí tó yan ojú tó fẹ̀ tó, ó ń wo èyí tó ń gba ihò kọjá, ó sì mọ̀ pé kò ṣòfò.

Torí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹnì kan lábẹ́ ọwọ́ yín, ọmọ ni o, ọmọṣẹ́ ni o, òṣìṣẹ́ ni o, a kò ní kí ẹ tú okùn. Ohun tí à ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ dá iṣẹ́ dúró níṣẹ̀ẹ́jú kan, kí ẹ fi àtàǹpàkò ti òrùka wò. Ọmọ yẹn lè sọ fún yín pé ẹ ṣì í? Ó lè ṣàṣìṣe lójú yín, kó sì tún un ṣe lójú yín? Bó bá sún díẹ̀, tó sì dúró, ẹ kú iṣẹ́. Bí kò bá mira rárá, gọ́ọ̀mù kò tíì gan. Ẹ tú u, kí ẹ tún un wé.